Ẹrù Bàbá Mi Lábẹ́ Òrùlé

Ọdún tí bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Hamburg ni mo mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn ààrò ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá mi ti kú, ilé wa ní Ìjẹ̀bú ti pa rọ́rọ́, la bá ní kí bàbá máa bọ̀. Ó kọ́kọ́ dé sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Moabit, ní Berlin, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ní òun ò lè gbé inú ilé tí ẹnì kan kì í ti í kí ẹnì kejì lórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Billstedt, ní Hamburg, nìyẹn, nínú ilé kékeré àtijọ́ kan tó wà lẹ́yìn àwọn ilé gogoro.

Ilé náà ní Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru o, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá ní ògiri ni Heizung ń mú móoru, kò dé inú eegun òun. Ààrò onígi tó wà ní pálọ̀ ló gbà. Láàárọ̀, á ti kó igi sínú rẹ̀, á fa àga sún mọ́ ọn, á máa bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀. Inú tún máa ń bí mi, torí tí mo bá bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, ààrò ni yóò kọjú sí tí yóò fi dá mi lóhùn.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù: látìgbà tó ti dé ló ti ń di ẹrù. Ohunkóhun tí àwọn ará àdúgbò bá gbé síta pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbé lọ, bàbá á kó o: ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìkòkò, táìlì tó ṣẹ́ kù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù àti páálí, ó ní ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté á bá òun fi ránṣẹ́, torí ilé làbọ̀ sinmi oko. Àjà wa kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹni tó bá ń di ẹrù, lílọ ló ń lọ yẹn, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Ilé tó ń pariwo rẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un mu níbẹ̀.

Nígbà tí òtútù fẹ́ wọlé dé, Schornsteinfeger ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gun òrùlé, kó wo ihò tí èéfín ń gbà jáde, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ó ní kí a la ọ̀nà tí kò léwu fún òun láti inú àjà dé fèrèsé òrùlé. Bí òun ò bá rí ihò náà yẹ̀ wò, a ò gbọ́dọ̀ dáná sínú ààrò. Bàbá gbọ́, ó ní, "Tí wọ́n bá fi lè pa iná yẹn, ẹ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní jẹ́ kí òtútù pa mí sílùú onílùú."

Mo ní kí ọkọ mi kó ẹrù kúrò lábẹ́ fèrèsé. Bàbá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹrù òun, òun fúnra òun lòun máa la ọ̀nà. Ó pẹ́ lókè àjà. Nígbà tí mo gòkè lọ wò ó, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bàbá mi ti fi ẹrù ilé ṣe àtẹ̀gùn! Páálí táìlì ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e, páálí mìíràn tún wà lórí dúrọ́ọ̀mù. Ó fi okùn dè wọ́n pinpin bí wọ́n ṣe ń de ẹrù mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, ó wá tẹ́ rọ́ọ̀gì lé e lórí nítorí àlejò. Ó gùn ún kí n lè rí i. "Digbí ló dúró," ló wí. Lójú tiẹ̀, ẹrù tí wọ́n bá ti dì, wọn kì í tún tú u mọ́. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Schornsteinfeger dé, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ń dán. Àwọn ará ibí gbà pé oríire ni kéèyàn fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, ni ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá sáré jáde wá fọwọ́ kàn án. Bàbá wò wọ́n títí. "Ẹni tí èéfín sọ di dúdú ni wọ́n ń fọwọ́ kàn kí orí wọn lè ṣe rere," ló wí. "Èmi tí mo ti dúdú látilẹ̀ wá ńkọ́, kí ló dé tí wọn ò wá?"

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti àtẹ̀gùn bàbá díẹ̀, ó mi orí. Ó ní àkàbà gidi lòun fẹ́, èyí tí wọ́n kàn mọ́ igi, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Òun máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a má dáná kí òun tó dé.

Bàbá wá ń wọ kóòtù nínú ilé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo gbọ́ tó ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹrù yín ló dí ọ̀nà o, kì í ṣe òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká kó o sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ẹrù ti kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun àti ọkọ mi ló kó o sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti kan àkàbà onírin mọ́ igi àjà.

Schornsteinfeger padà wá. Bàbá tẹ̀ lé e gòkè, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ọkùnrin náà ní kò pọn dandan, àkàbà náà le dáadáa. Bàbá ní kí n sọ fún un pé nílé tiwa, ẹnì kan kì í gòkè kí ẹnì kan má dúró nísàlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ má yọ̀, títí ọkùnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ ẹyẹ tó fà yọ nínú ihò náà. Ó ní ó ti mọ́, kí a máa dáná wa lọ.

Nírọ̀lẹ́, iná ń jó. Mo ní kí ọkọ mi bá bàbá kó ẹrù padà sókè àjà, ká lè ríbi rìn.

"Ẹ má kó o síbẹ̀ mọ́," ni bàbá wí. "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sílé, kó máa lọ. Ọkùnrin yẹn á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló máa bá a di àkàbà mú?"

Mo yára wọ kíṣìnnì lọ kó má baà rí ojú mi.