Ìyá Má-tọ̀-síbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ èbúté ní erékùṣù wa. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ aráyé ṣe lẹ́gbin tó, kó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ kan péré. Ihò ìgbọ̀nsẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ńlá, síbẹ̀ ẹni tó wọ bàtà tó ń dán á tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á nu ọwọ́ mọ́ ògiri, á tún tutọ́ sílẹ̀ kó tó jáde. Ìríra gbáà!

Lẹ́yìn ilé náà ni igi òdòdó kan wà, tí kò sí irú ẹ̀ níbòmíràn láyé. Nígbà èwe àwọn òbí wa, ó kún gbogbo orí òkè. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ tán, àwa la sì kó ewúrẹ́ wá. Ẹyọ kan yìí ló kù, nítorí pé wáyà yí i ká. Wáyà ò jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀, àmọ́ kò dí àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ láti tọ̀ sí i nídìí. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní èrò ló pọ̀ nínú ilé. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tì rànmọ́! "Má tọ̀ síbẹ̀!" lẹ̀gbọ́n mi ń pariwo láti àárọ̀ títí ọkọ̀ ìkẹyìn á fi lọ. Bí orúkọ ìnagijẹ wọn ṣe dé nìyẹn.

Obìnrin kan tó mọ̀ nípa ewéko wá wò ó. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi náà ń yọ òdòdó, lẹ́yìn náà á kú.

"Mà, ẹ jẹ́ kí òdòdó náà gbẹ lórí igi o. Inú ẹ̀ ni èso tí ẹ máa gbìn máa wà. Bí ẹnikẹ́ni bá já a, ó ti parí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé omi mímọ́ látilé wá fún igi, tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ omi ìwẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa sọ ọ́ lórúkọ ni?"

"Ìwọ tí a sọ lórúkọ, kí lo so?"

Nígbà tó yá, ó yọ òdòdó, ẹyọ kan, funfun, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àfi ọjọ́ tí ẹnì kan tí ìgbì omi ti da inú ẹ̀ rú bì sí gbogbo ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n wọlé lọ nù ún. Bí wọ́n ṣe jáde, àlejò kan ń dúró dè wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ báyìí rí. Ẹ gbà, ẹ̀yin ló tọ́ sí."

Òdòdó náà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹrù èrò ọkọ̀ tí mo máa ń gbà rù ní èbúté wà lórí mi, mo sọ ọ́ kalẹ̀ láti fọ́ àlejò náà létí. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú. Ohun tó rí mi lára jù ni pé inú rere ló fi ṣe é.

"Ẹ ṣé," lẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì gba òdòdó náà.

Nírọ̀lẹ́, awakọ̀ ojú omi kan yọ́ lọ sẹ́yìn ilé bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró kí wọ́n pariwo mọ́ òun. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọjú.

"Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Tọ̀ síbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ojú wọn, ó fa sípù ẹ̀ sókè, ó sì wọnú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí kò sí ohun tó kù láti dáàbò bò ló wá mọ ọ̀nà ibẹ̀.