Adágún Kán-ún, Nígbà Tí Màmá Wà Lódìkejì Bọ́dà

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti bọ́dà pa ni mo wọ bàálù lọ sí Tàńsáníà. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Ayétòrò, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ya adágún kán-ún tó wà lọ́hùn-ún sójú bọ́ọ̀dù fún wọn, láìfojú kàn án rí. Nígbà tí àǹfààní àtilọ wá yọ, Màmá mi ti sọdá láti Ìwòyè-Kétu lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn lódìkejì, ní ìhà Faransé, kí wọ́n tó ti bọ́dà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n mú dání ò ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àbúrò mi obìnrin ní kí n máa lọ, pé òun á wá ọ̀nà fi òmíràn ránṣẹ́. Mo lọ, àmọ́ ọkàn mi ò kúrò ní bọ́dà.

Odindi ọjọ́ kan ni èmi àti àwọn arìnrìn-àjò mìíràn fi wà nínú jíìpù. Òkè ayọnáyèéfín kan dá dúró níwájú wa, eérú dúdú bo ilẹ̀, kò sí igi, kò sí ilé. Adágún náà tẹ́ lọ rẹrẹ, ó funfun, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo ṣẹ́ díẹ̀ nínú èèpá líle tó bo ojú omi rẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Kán-ún gan-an ni, irú èyí tí Màmá máa ń sọ sínú ẹ̀wà kó lè tètè jinná. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ fóònù ni mò ń wò. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti àná.

"Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀," ni ọkùnrin tó ń fọ̀nà hàn wá wí. "Omi wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń jó èèyàn."

Mo bi í bóyá fóònù lè ṣiṣẹ́ níbì kankan. Ó na ọ̀pá sí òkìtì kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní a máa gba ibẹ̀ padà. Mi ò lè dúró. Bó ṣe kọjú sí àwọn yòókù ni mo yà bàrá, mo dorí kọ òkìtì náà. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi ya lábẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọlé dé orúnkún.

"Ẹ má mira! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀, ó fàyà fà dé ìtòsí mi, ó na ọ̀pá sí mi. Ẹsẹ̀ mi jáde, bàtà kò jáde. Ó ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra egbò. Omi tí gbogbo wa máa mu lójú ọ̀nà àbọ̀ ló dà sí i lórí tán, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

"Kí lẹ ń sáré lọ ṣe?"

"Màmá mi ni."

Ó gbé ọwọ́ mi kọ́ èjìká, ó mú mi dé orí òkìtì.

Àbúrò mi gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Sójà dá ọlọ́kadà tí mo rán padà. Oògùn wọn tán lánàá. Mo ṣì ń wá ọ̀nà." Bí fóònù ṣe já nìyẹn.

Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn sáyà títí mo fi dé Èkó nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan lọ́hùn-ún ti fún Màmá ní oògùn mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti àbúrò mi lọ sí Ìwòyè, a bẹ ọ̀gá sójà kan níbẹ̀, ó sì gbà kí Màmá fẹsẹ̀ rìn kọjá. Wọ́n rọra ń bọ̀, wọ́n sì ti rù. Wọ́n wo báńdéèjì ẹsẹ̀ mi.

"Ta ló rán ẹ níbẹ̀?"

Nínú ọkọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ara wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń rò, wọ́n ṣáà ń béèrè lọ́wọ́ wa, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún wọn báyìí.