Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ìyá Àmì Fi Kún Un

Gbogbo ilé ìtẹ̀wé náà ló ń pè é ní Ìyá Àmì. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè máà dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Ẹni tó kọ ọ́ pé "ọkọ mi bà jẹ́ lójú títì", tó jẹ́ pé mọ́tò ló ń sọ, Ìyá Àmì ni yóò fi àmì sí i kí àwọn àna má baà bínú. Bí wọ́n bá sọ fún un pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani, á ní àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun náà lòun sì ń fi àmì ọ̀hún sí i látàárọ̀.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọ̀sán kan lè wò sàn. Ọrùn ń dùn ún, ojú ń ta á, bó bá sì délé tán, á tún máa ka ara páálí ọṣẹ, á máa wá àṣìṣe níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í kọ ìwé sílẹ̀ fún un mọ́. Ìgbà tó kọ ọ́ gbẹ̀yìn, ìlà méjì péré, pé òun jáde, òun ń bọ̀, ó dé bá a lórí tábìlì tí wọ́n ti fi bírò pupa tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú ni Màmá Agbẹ̀bí wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí tipẹ́. Ó kó ìwé kékeré ọmọ iléèwé mẹ́fà jáde nínú báàgì. Ó ti fọwọ́ kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan.

"Bá mi ṣe é kíá, ọmọ mi," ó ní. "Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kó kà á kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó lọ."

"Ta ni, Mà?"

"Ṣáà bá mi ṣe é kíá."

Ìwé kì í ṣe búrẹ́dì, kò sí kíá nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni akọ̀wé fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ń ráhùn sí ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá náà. Ọ̀gá gé ibi tó gùn jù, ó pààrọ̀ àkòrí. Wọ́n tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ sórí pépà lásán, Ìyá Àmì kà á, ó kun ún ní pupa. Akọ̀wé tún un ṣe, ó sì dá àṣìṣe tuntun mẹ́wàá sílẹ̀ bó ti ń tún ti àtijọ́ ṣe. Ẹ̀dà kejì dé, ọrùn Ìyá Àmì tún bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló kan ojú ewé kan. Ìyá kan bímọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn kún, kò sí agbẹ̀bí mìíràn níkàlẹ̀, ọmọ náà kéré. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbólóhùn kan: *Mo pa ọmọ náà.* Èyí tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sórí ìbí mìíràn.

Ìyá Àmì rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé yìí á kó wa sí wàhálà lọ́jọ́ kan." Ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ ti já níbẹ̀. *Mo pa ọmọ náà mọ́* ni ìyá náà ń sọ: ó fi aṣọ wé e, ó gbé e síbi tó móoru. Ṣebí bí a ti ń gbàdúrà náà nìyẹn pé kí Ọlọ́run pa wá mọ́, ta ni yóò sì ṣe àmín bí *mọ́* bá já kúrò níbẹ̀? Ó fi bírò pupa kọ *mọ́* sí i, ó ṣí ewé tó kàn.

Ó yẹ kó wo ìwé tí ìyá náà fọwọ́ kọ. Kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá rẹ̀ ló wà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn tuntun pé bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú, kí wọ́n padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò rú òun lójú, ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì í wá iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ṣe pléètì, páànù pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Ìyá Àmì ń kó àwọn ìwé kékeré náà jọ kó lè dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Ìkẹrin ṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí gbólóhùn náà. Kò sí *mọ́* níbẹ̀. Ìyá náà ti tẹ àmì ìdánudúró mọ́lẹ̀ débi pé bírò lu pépà já. 

Kò dúró jẹun ọ̀sán. Ó fi ẹsẹ̀ wíwú rìn dé ilé Màmá Agbẹ̀bí, ó bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mà, níbi ọmọ ọ̀sán yẹn, ṣé ẹ gbàgbé *mọ́* kan ni? Mo ti bá yín fi í síbẹ̀."

Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló rán ẹ?"

"Mà?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta tí mi ò tíì sùn nìyẹn. Wọ́n ní kí n máa wo mímí ọmọ náà, bó bá ti dákẹ́, kí n ta á jí. Mo ní kí n fìdí lé àga díẹ̀. Nígbà tí mo máa lajú, ó ti tutù. Mo sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọmọ náà ò lágbára látinú. Ó gbà mí gbọ́. Òun ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ogójì ọdún rèé."

"Oorun ló pa á, Mà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Oorun ò kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ. Gbogbo ìwé mẹ́fà yẹn, torí ìlà kan yẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Ìwọ wá lọ fi *mọ́* sí i."

Àánú ìyá náà ṣe Ìyá Àmì, ìtìjú sì bò ó. Òun náà mọ bí ojú ṣe ń pa dé fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti de pléètì mọ́ ọn nígbà tó padà dé. Ọ̀gá dúró tì í. Ìyá Àmì ṣàlàyé, ọ̀gá mi orí.

"*Mọ́* yẹn dáa níbẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ ka ìwé agbẹ̀bí tó pa ọmọ?"

"Ọ̀gá, èmi ni mo fi í síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ni ìwé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ wá ẹlòmíì tí á máa bá yín ṣa àṣìṣe."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Orí yín bá yín ṣe é," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Kéèyàn fi nǹkan kún pléètì, kò ṣeé ṣe. Ká pa nǹkan rẹ́ lórí ẹ̀, ìyẹn ò le." Ó mú oògùn ìpàwérẹ́, ó fi kan ọ̀rọ̀ náà, ó nù ún. *Mọ́* kúrò. Àlàfo wà láàárín ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn àti àmì ìdánudúró, bí ibi tí eyín ti yọ. Bàbá Ẹ̀rọ tan ẹ̀rọ.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ká a, wọ́n rán an, wọ́n lẹ èèpo mọ́ ọn, wọ́n gé etí rẹ̀ gún. Ọjọ́ kẹwàá, Màmá Agbẹ̀bí wá gba ẹ̀dà kan. Kò wo èèpo. Ó ṣí i títí ó fi débi tó ń wá, ó fi ìka kan àlàfo náà.

"Ẹ má bínú, Mà," ni Ìyá Àmì wí.

"Ó ti dáa. Bá mi ká lọ. Bí mo bá dá lọ, mo lè yà sílé lójú ọ̀nà."

Òpópónà mẹ́rin ni wọ́n rìn, àwọn méjèèjì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń hewú ló ṣílẹ̀kùn. Bó ti rí wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Agbẹ̀bí mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi sunkún lọ́jọ́ yẹn! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Kí lẹ mú lọ́wọ́? Háà, ẹ kọ̀wé! Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"O wà níbẹ̀," ni Màmá Agbẹ̀bí wí.

Ó ṣí i síbi àlàfo náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Obìnrin náà wá awò ojú rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi í kọ́ etí. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.