Nígbà Tí A Ti Ìyá Wa Mọ́lé Nítorí Òkú

Òórùn ewé tíì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù ilé wa ní Dowa nílùú Àjàṣẹ́, tí ìyá wa bá sì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ewé tíì ni yóò gbé kaná, òórùn rẹ̀ a sì gba pálọ̀ kan, títí dórí àwọn aṣọ tútù tí a sá sẹ́yìn àga nítorí pé oòrùn ti kọ̀ láti ràn. Irú ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni àbúrò wa obìnrin, àbígbẹ̀yìn ilé, gbé àpótí páálí kan ti Kútọ̀nú dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ ló fún un. Wọ́n ya ìlú kan tó ti dahoro sójú páálí náà, àwọn òkú sì ń rìn kiri ìgboro rẹ̀, gbogbo wọn yọ eyín síta.

Àwa mẹ́rin la wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá wa ti ṣe olùkọ́ títí ó fi di dírẹ́kítírísì, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni àkọ́bí, Fòfó la sì ń pè é, bí ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́ ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, ní Akpro-Missérété ni mo ti ń kọ́ni, lẹ́yìn mi ni àbígbẹ̀yìn. Bàbá wa ti kú, Màmá nìkan ló ń gbé inú ilé náà. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ́. Ọwọ́ náà ti san, ṣùgbọ́n ọkàn Fòfó kò balẹ̀ mọ́. Ó ní òun yóò kó Màmá lọ sọ́dọ̀ òun ní Kútọ̀nú kí oṣù tó parí. Ó ti kun yàrá kan dè é, ó ti rí ẹni tí yóò háyà ilé Dowa, ó ti bá onímọ́tò tí yóò kẹ́rù sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe: kò bi Màmá. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún un, torí nínú ilé tiwa, bí àkọ́bí bá ti sọ̀rọ̀ tán, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù.

Àbúrò mi tẹ́ pátákó eré náà sórí tábìlì, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ẹnikẹ́ni kì í borí ẹnì kejì rẹ̀ nínú eré yìí. Gbogbo wa la jọ jẹ́ èèyàn díẹ̀ tó kù láàyè nílùú. A gbọ́dọ̀ wá epo sínú ọkọ̀, ká kó oògùn jáde nílé ìwòsàn, ká sì jọ sá lọ. Bí ère rọ́bà tó dúró fún ẹnì kan bá kú, gbogbo wa ti pàdánù. Bí a bá sì ti rìn tán, a ó ṣí káàdì kan tí yóò sọ òpópó tí àwọn òkú tuntun yóò ti yọ.

"Ṣé àkúdàáyà ni wọ́n ni?" Màmá bèèrè.

"Sọ́ńbì ni wọ́n ń pè wọ́n, Màmá. Wọ́n máa ń jẹ èèyàn."

"Àkúdàáyà tí èmi gbọ́ kì í jẹ èèyàn. Á lọ sílùú mìíràn, á fẹ́yàwó, á máa ṣòwò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí ò kọ́ òkú wọn lẹ́kọ̀ọ́."

Nọ́ọ̀sì ló bọ́ sọ́wọ́ Màmá, ère rọ́bà pupa kékeré kan. Òun nìkan ni òfin eré gbà láàyè láti kó oògùn. Fòfó mú sójà, ẹ ò ní bi mí ní ìdí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé nọ́ọ̀sì Màmá sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan létí ìlú, níbi tí òkú kankan kò lè wọ̀.

"Màmá, ẹ jókòó síbí. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà mọ́ ná."

Kò ya ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ sáàárín òkú? A bá kọjú ìjà sí wọn. Bí a bá pa wọ́n tán ní òpópó kan, káàdì á ní kí òmíràn yọ ní òpópó kejì. Wọ́n jẹ Fòfó nídìí epo, a pàdánù. A tún un ṣe, wọ́n jẹ èmi náà. Bó bá sì ti kan Màmá láti rìn, a ó jọ dáhùn pé, "Ẹ ṣì dúró ná, Màmá." Ó dá mi lójú pé àwọn ìdílé mìíràn á ti tètè rí i pé láìsí nọ́ọ̀sì kò sí oògùn, láìsí oògùn kò sí ìlọ. Àwa ọmọ tí a tọ́ dáadáa, a yàn láti kú. Màmá ń mu tíì rẹ̀, ó ń wò wá.

Ní ìgbà tí a tún tò ó, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó sì gba ìwé òfin eré náà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó kà á lédè Faransé bí ẹni ń ka ìwé àwọn alábòójútó ilé-ìwé, láìkánjú.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí nọ́ọ̀sì jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Fòfó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, ọ̀nà ò tíì mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa."

"Àgbájọ ọwọ́, mo gbọ́. Tèmi ńkọ́, tí ẹ dì mọ́ mi lẹ́yìn?"

Ó gbé nọ́ọ̀sì jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló fi gbé e.

Ẹ ò rí ìyá wa lọ́jọ́ náà! Ó ní kí n pariwo ní ọjà, torí ariwo ló ń fa àwọn òkú yẹn, kí àbúrò mi sì lọ bu epo. Gbogbo ìgbà tó bá sún ère rẹ̀ síwájú ni ọwọ́ Fòfó ń bọ̀ láti fà á padà, òun náà á sì rọra gbá ọwọ́ ọ̀hún. "Káàdì ń sọ ibi tí wọ́n ń gbà bọ̀," ló wí. "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Ó dé ilé ìwòsàn, ó kó oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà bọ̀, àwọn òkú ti dí ọ̀nà láàárín òun àti ọkọ̀, níbi tí Fòfó wà.

Fòfó dìde lórí àga. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà, omi sì ti kún ojú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Ìrìn àjò ni ó wà nígbà tí bàbá wa kú. Kó tó dé, ẹlẹ́mìí ti gbà á. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló hàn sí nísinsìnyí pé kì í ṣe ère rọ́bà ló ń bẹ̀.

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ bi mí kí o tó gbà mí là. Mi ò lọ sí Kútọ̀nú. Ibí ni ilé mi."

Fòfó jókòó padà, ó wá bèèrè ohun tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Kí wá ni ẹ fẹ́ kí n ṣe, Màmá?"

"Wa ọkọ̀ wá bá mi. Má ní kí n nìkan rìn wá bá ọ."

Ó yí ọkọ̀ padà sáàárín òkú, ó gbé e, ó gbé àwa náà. A ṣí káàdì tó kẹ́yìn, ó ní kí òkú kún gbogbo ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́nikẹ́ni wa níbẹ̀ mọ́. A jáde nílùú, a sì hó débi pé àwọn aládùúgbò ń bi wá láti ojú fèrèsé pé ta ló bímọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fòfó mú bírìkìlà wá láti tún ilẹ̀ balùwẹ̀ ṣe kó má yọ̀ mọ́, wọ́n sì kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Màmá ló fi ọwọ́ júwe ibi tí irin náà yóò ga dé. Yàrá tí wọ́n kùn ní Kútọ̀nú wà níbẹ̀ fún ìgbà tó bá fẹ́ lọ kí wọn. Èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìfẹ́ òbí sọ́mọ, ṣùgbọ́n ibi eré yẹn ni mo ti rí i kedere pé ìfẹ́ ọmọ sí òbí náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, kí inú ẹni tó tì í sì máa dùn. Mo ti ń ṣọ́ ọ báyìí, nínú ara mi àti nínú àwọn ọmọ mi.

Fòfó ṣì ń pe Màmá lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn. Tẹ́lẹ̀, "Màmá, mo ti ṣètò" ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, "Màmá, kí lẹ fẹ́?" ni. Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, Màmá á yíjú sí mi, á bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì," á ní, "òkú ló bá mi kọ́ tèmi."