Àfòmọ́ Ọkọ Mi

Wọ́n ní òdòdó ni. Èmi tí wọ́n bí sí abà kòkó, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ àfòmọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bódìjà ni ọkọ mi ti gbé e wálé. Kò sí ìkòkò, kò sí iyẹ̀pẹ̀, kò sí gbòǹgbò gidi kan. Ewé aláwọ̀ eérú kan báyìí, ó rí wúruwùru bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Mo ní ó kúkú dé ìlú rẹ̀, ta ni kì í jẹ afẹ́fẹ́ níbí lásìkò yìí?

Ó fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹrú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò dáa tó fún un, àfi omi òjò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò tú u sílẹ̀, yóò rì í sínú bàsíà, yóò wá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi ro tán, nítorí bí omi bá dúró sí i láàrin, yóò jẹrà. Nígbà ọyẹ́, ó gba rọ́bà tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ tí mo bá fẹ́ lọ̀, ó ní ètè ewé rẹ̀ ń gbẹ. Ètè! Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn wa, ọkùnrin yìí kò mọ ibi tí a ń kó ìlédìí sí.

Ṣùgbọ́n n kò lè ní kó gbé e jù nù. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ńṣe ló ń dùbúlẹ̀. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, yóò kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń sunkún nílé ìdáná. Nǹkan wúruwùru yìí ló gbé e dìde. Láràárọ̀ ló ń jáde lọ wò ó bóyá àárín rẹ̀ ti ń pọ́n, torí ẹni tó tà á fún un ní bó bá máa yọ òdòdó, ewé àárín ló máa kọ́kọ́ pupa. Ó dùn mí pé èmi àtàwọn ọmọ kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ dìde, àfòmọ́ ló tó. Mo gbé e mì.

Màmá mi wá kí wa láti abà. Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹni tó bá rí àfòmọ́ lórí igi ẹnìkejì tó sì kọjá, ọ̀tá ni. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan, èyí tó bá sì bá tan náà ló ń pa. Kí n tó ti ilé ìdáná jáde, Màmá ti já a lára igi, wọ́n ti jù ú sórí ààtàn pẹ̀lú ewé tí wọ́n gbá.

Ọkọ mi ń jáde bọ̀. Màmá ní, “Ọkọ ọmọ mi, ẹ ò rí nǹkan tó fẹ́ pa igi yín. Mo ti bá yín yọ ọ́.”

Ó wo ara igi. Ṣé èèyàn lè bínú sí ìyá ìyàwó ẹ̀ ni? Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kọnkéré, ó ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ kú ìtọ́jú wa.” Ó dìde, ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Màmá ní mo rí ọkọ gidi fẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, kò dìde. Mo bá lọ sórí ààtàn. Mò ń bú u bí mo ṣe ń yọ ọ́ láàrin ewé: aláìlégbò, aláìníṣẹ́. Àmọ́ ohun tí kò ní gbòǹgbò, kí lèèyàn fẹ́ hú lára ẹ̀? Ewé díẹ̀ péré ló ya. Mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní, “Ẹ dìde. Kò kú. Omi ló ń wá.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Màmá ò gbọdọ̀ rí i o. Inú wọn á bàjẹ́.”

Inú wọn! Inú tiẹ̀ wá ńkọ́? Mo fẹ́ fi í bú, omi lé sí mi lójú.

Títí Màmá fi padà sí abà, bálùwẹ̀ wa ni àfòmọ́ ń gbé, lára irin tí a ń fi táwẹ̀ẹ̀lì kọ́. Ọkọ mi á wà nínú ibẹ̀, á máa rì í sínú omi òjò. Èmi ọmọ olóko kòkó á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́ ìyá tó bí mi.