Ìwẹ̀ Bàbá àti Ẹ̀dínwó Owó Orí Ilé

Magdalene Ìbíjọkẹ́ Akínfẹ́mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, opó, aṣírò-owó ní Marshalltown ní ilẹ̀ àjèjì, ni ó ni ilé onípáànù àtijọ́ kan ní Troyeville, àdúgbò kan ní ìlú kan náà. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń gbé inú rẹ̀: òun fúnra rẹ̀, Fikáyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní yunifásítì, àti bàbá rẹ̀, Alàgbà Ezra Ọlálérè, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Adó-Èkìtì kí àrùn ìgbàgbé tó dé sí i.

Nítorí bàbá yìí ni Ìbíjọkẹ́ ṣe gé iṣẹ́ rẹ̀ sí ìlàjì. Owó oṣù dín kù; owó orí ilé kò dín. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àfi kí ó ta ilé, tàbí kí ó padà sí iṣẹ́ ní kíkún, kí ó sì mú bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìjọba ìlú ń ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìbátan rẹ̀ tí kò lè dá tọ́jú ara rẹ̀, ó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan yóò wá fi ojú ara rẹ̀ rí bàbá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ìbíjọkẹ́ ṣe ohun tí ọmọ tí a bí ire máa ń ṣe bí àlejò bá ń bọ̀. Ó wẹ bàbá, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi ìpara pa á lára, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun fún un, ó sì gbé e jókòó sí pálọ̀. Ó dára lójú bí ọkọ ìyàwó.

Òṣìṣẹ́ náà, obìnrin ọmọ ilẹ̀ náà, wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti bàbá ń bá ara wọn sọ. "Baba, báwo ni ara?"

"Ara le, a dúpẹ́! Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ má dúró bí ẹni tó fẹ́ já iná wa."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń wẹ̀ yín, Baba?"

"Wẹ̀ mí? Èmi ọmọ ọwọ́?"

"Ta ní ń bọ́ yín?"

Bàbá nawọ́ sí Ìbíjọkẹ́. "Èmi ni mò ń bọ́ eléyìí. Ilé mi ló ń gbé. Kò tíì rí iṣẹ́."

Ìbíjọkẹ́ la ẹnu. Bàbá wò ó. Báwo ni ó ṣe fẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ níwájú àlejò? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó sọ.

Bí obìnrin náà ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, bàbá yíjú. "Ìbíjọkẹ́, ta nìyẹn? Ṣé ìyá rẹ ló rán an?" Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí ó gbé bàbá dìde, tìmùtìmù àga ti rin fún ìtọ̀.

Èsì dé: bàbá kò nílò olùtọ́jú. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó ní kí wọ́n tún wá.

"Mọ́mì, lọ́tẹ̀ yìí ẹ má wẹ̀ wọ́n o," ni Fikáyọ̀ wí. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jí."

"Kí àjèjì bá bàbá mi nínú ìtọ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé?"

"Orí mi pé, mà. Ṣé ilé ìtọ́jú ni kí wọ́n lọ?"

Ìbíjọkẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n tún wá.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìbẹ̀wò kejì, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá, ó fara ti ògiri. Bàbá ń pè láti inú: "Omi ìwẹ̀ mi dà? Ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?" Kò gbé omi wọlé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà dé, ó mú un wọlé tààrà. Obìnrin náà rí ibùsùn tí ó ti rin fún ìtọ̀, ó fi àánú ní, "Eish, Baba," ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dínwó náà. Ilé kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Bàbá sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará ìjọ wọn máa ń sọ pé Alàgbà ti lọ jìnnà nínú àìsàn, pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wọlé lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ìbíjọkẹ́ kò já wọn nírọ́ rí. Àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ wọn yìí, ó sì yẹ kí a tún un ṣe. Bàbá mọ̀. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara rẹ̀ dé ọrùn, ó kọjú sí obìnrin náà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ ní ọ́fíìsì nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ wí pé: "Ẹ má bínú, ìyáàfin. Àwọn ọmọ mi kì í fi mí sílẹ̀ báyìí."