Wọ́n Ní Ẹnu Mi Ló Ba Bíréèkì Jẹ́

Òórùn irin gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ti dé iwájú ilé wa ní Ọ̀yọ́. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ojú ń dun màmá mi nígbà yẹn, mọ́tò Bàbá la sì fi ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìwọ náà mọ bí bíréèkì ṣe máa ń ṣe tí páàdì rẹ̀ bá ń tán lọ. Ó máa kọ́kọ́ dún bí ẹni ń súfèé. Tó o bá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ẹsẹ̀ tó o fi tẹ̀ ẹ́ á sì máa rì wọlé kí mọ́tò tó dúró. Ti Bàbá ti kọjá súfèé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo páàdì yìí ká tó gbéra. Bíréèkì yín lè má mú."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Má fẹnu ẹ pe ibi lé wa lórí. A ò ní rí jàǹbá o."

"Àmín o," màmá mi dáhùn látinú mọ́tò.

Inú bí mi gan-an. Àmín kì í mú páàdì hù! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ewu tó sì sọ ọ́ ni wọ́n máa ń wò bí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Bàbá yí wáàsí inú rédíò sókè, wọn ò sì gbọ́ ariwo bíréèkì mọ́. Màmá mi náà ò lè ní àwọn ò wọ̀ ọ́. Ta ní jẹ́ kọ oore ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Mo bá wọn wọ̀ ọ́, torí mi ò lè jókòó sílé.

A dé Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ̀kẹ́ kan ṣàdédé dúró níwájú wa láti já akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Bàbá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn rì dé ilẹ̀. Mọ́tò fà sápá òsì, ó ń lọ, ó ń lọ, màmá mi ń kígbe, títí a fi lọ forí sọ òkìtì iyanrìn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó farapa. Nígbà tí mẹkáníìkì tú táyà, irin lásán ló bá níbi tó yẹ kí páàdì wà.

Mo rò pé wọ́n á gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Bàbá kọjú sí mi: "Ṣó o rí ohun tí ẹnu ẹ fà?" Wọ́n ra páàdì tuntun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ròyìn ẹnu mi fún gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí a tún fẹ́ lọ, màmá mi rọra fà mí sẹ́yìn ilé. "Lọ bá mi gbọ́ mọ́tò yẹn wò kí n tó wọ̀ ọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà kí wọ́n máa pè mí ní ẹlẹ́nu burúkú. Ẹni tí mo ń torí ẹ̀ sọ̀rọ̀ ti gbọ́.